Ìdí Ìsọ̀ ní Ọjà Bouaké

Màmá mi ta aṣọ ní ọjà ńlá Bouaké fún ọdún mẹ́sàn-án kí ọjà náà tó jó, ogun 2002 ló sì lé wọn padà wá sí Èjìgbò. Nígbà tí mo kọ́ ọjà náà sínú kọ̀ǹpútà, tí mo rò pé mo ti ṣe é dójú àmì, àwọn ni mo kọ́kọ́ pè wá wò ó. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà títí, wọ́n ní, "Ọjà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ná rí nìyí."

Mo ní, "Màmá, ṣé ìsọ̀ náà ò jọ ìsọ̀ yín ni?"

"Ó jọ ọ́. Páànù jọ páànù, tábìlì jọ tábìlì. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé òru àná ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dé, tí wọ́n á sì tún kó o lọ bí ilẹ̀ bá mọ́."

Màmá ò ta géèmù rí láyé wọn, síbẹ̀ wọ́n ti fi gbólóhùn kan gbá ìṣòro tí àwọn tó ń kọ́ ayé inú géèmù ti ń bá wọ̀jà láti ọdún pípẹ́ mú: báwo ni a ṣe ń mú kí ohun tí a gbé lé ilẹ̀ di ti ilẹ̀ náà? Ohun tí kò bá tíì di ti ilẹ̀, àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ó ń léfòó. Gbogbo ìsọ̀ mi ló ń léfòó, láti orí ti aláṣọ dé orí ti alálùbọ́sà.

Bouaké ni ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Côte d'Ivoire. Ó wà láàárín ilẹ̀ àwọn Baoulé, níbi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni, ilẹ̀ yangí. Ní 1912 ni ojú irin tó ti Àbíjàn gòkè wá dé ibẹ̀, oríta ni ìlú náà sì ti jẹ́ láti ìgbà náà: iṣu àwọn Baoulé, àlùbọ́sà láti apá àríwá, aṣọ láti etíkun. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ Èjìgbò sì pọ̀ nínú àwọn Ànàgó tó wà ní orílẹ̀-èdè náà. Iná jó ọjà ńlá yẹn ní 1998. Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2019 ni Ààrẹ Alassane Ouattara àti Ààrẹ Emmanuel Macron ti ilẹ̀ Faransé jọ fi òkúta ìpìlẹ̀ ọjà tuntun lélẹ̀. Kì í ṣe ti tuntun yìí ni mo ń kọ́. Èyí tó jó ni.

Ohun tó ń mú nǹkan léfòó kò le láti yé ni. Nínú ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe géèmù, ilẹ̀ lọ́tọ̀, ohun tó wà lórí ilẹ̀ lọ́tọ̀. Ilẹ̀ dà bí ẹní ńlá kan tí a tẹ́ sílẹ̀, tí àwòrán dúdú-òun-funfun kan ń sọ ibi tí yóò ga sí fún: ibi tó funfun ni òkè, ibi tó dúdú ni kòtò. Ìsọ̀, igi, àti àpáta ní tiwọn jẹ́ àwọ̀n tí a fi onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ hun, tí ẹnì kan sì ti fi àwòrán wọ̀ láṣọ níbòmíràn, bóyá ní Stockholm, bóyá ní Ìbàdàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé lójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ara wọn. Níbi tí àwọ̀n ìsọ̀ bá ti wọ ẹní ilẹ̀, ìlà kan á yọ síbẹ̀ tó mú bí ojú abẹ. Ojú wa ò mọ orúkọ ìlà náà, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́.

Kò gbà á gbọ́ nítorí kò rí irú rẹ̀ rí. Ìdí ìsọ̀ tó ti pẹ́ ní Bouaké kì í ní ìlà. Òjò ti ta ẹrẹ̀ pupa sí ara ògiri dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń já bọ́ láti etí páànù ti gbẹ́ ihò kéékèèké sílẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ìgbálẹ̀ àárọ̀ ti wọ́ ẹrùpẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀. Iwájú ìsọ̀, ẹsẹ̀ oníbàárà ti tẹ ilẹ̀ títí ó fi le koko tó sì ń dán. Ẹ̀yìn ìsọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà, koríko ń hù. Ilẹ̀ ti gun ìsọ̀, ìsọ̀ náà sì ti yí ilẹ̀ padà. Ọdún ló ṣe é. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a wá fi ọ̀sán kan ṣe ayédèrú ọdún bíi mélòó kan.

Èyí tó rọrùn jù ni kí a ri nǹkan mọ́lẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń gbé àpáta lé ilẹ̀ bí ìgbà tí a gbé ìkòkò ka ààrò, kí gbogbo ara rẹ̀ lè hàn, nítorí ó dùn wọ́n pé wọ́n ti ṣe wàhálà lórí rẹ̀. Àpáta kì í jókòó sórí ilẹ̀. Láti inú ilẹ̀ ló ti yọ. Ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ ri ìdajì pàápàá, kí ẹ sì yí i kí ibi tó fẹ̀ jù wà nísàlẹ̀. Òpó ìsọ̀ tiwa, sẹ̀ǹtímítà 15 ni mo rì í, mo sì mú kí ó tẹ̀ díẹ̀, nítorí kò sí káfíńtà ọjà tó ń fi okùn òṣùwọ̀n sọ òpó kalẹ̀. Ìyẹn ò ná kọ̀ǹpútà ní kọ́bọ̀.

Òjìji ló tẹ̀ lé e. Ní 1996, nígbà tí ẹ̀rọ géèmù ò tíì lágbára, àwọn tó ṣe Super Mario 64 fi òjìji dúdú roboto kan sí abẹ́ ẹsẹ̀ Mario kí ẹni tó ń ta á lè mọ ibi tó dúró sí. Ní 2007, ilé iṣẹ́ Crytek ti Jámánì fi Crysis gbé ọgbọ́n mìíràn jáde: kọ̀ǹpútà ń wo bí àwọn píksẹ́ẹ̀lì, àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, ṣe jìn sí ojú ẹni tó ń wò, ó ń wá ibi tó há, kọ̀rọ̀ àti ìdí nǹkan, ó sì ń mú kí ibẹ̀ ṣú díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ géèmù káàkiri. Bí ìdí ìsọ̀ kò bá ṣókùnkùn ju àyíká rẹ̀ lọ, kò sí àwọ̀ tí ẹ lè fi kùn ún tí yóò fi jókòó.

Àmọ́ ara àwọ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, oṣù mẹ́ta kí àwọn Ààrẹ méjèèjì tó lọ fi òkúta lélẹ̀ ní Bouaké, ilé iṣẹ́ Epic Games gbé Unreal Engine 4.23 jáde, ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Runtime Virtual Texture sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jà. Ká ní ẹnì kan gun ibi gíga, ó ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ ọjà láti òkè: ilẹ̀ nìkan, kò sí ìsọ̀, kò sí èèyàn. Ó ya àwọ̀ rẹ̀, ó sì kọ bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó sílẹ̀. Ó wá fún ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà àwòrán náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ kun píksẹ́ẹ̀lì kan lára ògiri, ògiri á kọ́kọ́ bi àwòrán yẹn pé: níbi tí mo dúró sí yìí, báwo ni ilẹ̀ ṣe ga tó, irú àwọ̀ wo ló sì ní? Yóò yọ gíga ilẹ̀ kúrò nínú gíga tirẹ̀. Bí ohun tó ṣẹ́ kù bá kéré, a jẹ́ pé ó sún mọ́lẹ̀, yóò wọ aṣọ ilẹ̀. Bó bá pọ̀, aṣọ tirẹ̀ ni yóò wọ̀.

Sẹ̀ǹtímítà 40 ni mo fi ṣe ààlà fún ìsọ̀ Màmá, nítorí ibi tí ẹrẹ̀ òjò ń ta dé nìyẹn. Píksẹ́ẹ̀lì tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sókè yóò gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀. Èyí tó wà ní 30 yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti 40 lọ sókè, ògiri dá dúró fúnra rẹ̀. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yìí sórí ìka. Kọ̀ǹpútà ní láti ṣe é fún ọ̀kẹ́ àìmọye píksẹ́ẹ̀lì, kí ó sì ti parí iṣẹ́ gbogbo láàárín ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá, bí a ò bá fẹ́ kí àwòrán máa ta gìrìgìrì.

Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ ìdajì rẹ̀ sínú aró: ìlà ti lọ, ìlà mìíràn ti dé sókè rẹ̀. Ẹrẹ̀ kì í ta lọ́gbọọgba. Nítorí náà, a ń fi àwòrán àbàwọ́n kan da ìṣirò náà rú, kí ẹrẹ̀ lè ga níbì kan, kí ó relẹ̀ níbòmíràn. Mo mú kí ó ga jù ní abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbi tí tábìlì ti ṣíji bo ògiri.

Àlébù kan wà nínú ọgbọ́n yìí tí ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Láti òkè ni wọ́n ti ya àwòrán ilẹ̀. Lójú ẹni tó wà lókè, ògiri tó dúró ṣánṣán kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo píksẹ́ẹ̀lì tó gun ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè ń bi ibì kan ṣoṣo léèrè ọ̀rọ̀, èsì kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Òkúta wẹ́wẹ́ kan tó wà nílẹ̀ á wá di ìlà gígùn lára ògiri, bí ìgbà tí omijé bá ṣàn lójú ẹni tó kun àtíkè. Àpáta tó dagun kì í fi ẹ̀sín yìí hàn púpọ̀. Ògiri ọjà ló ń tú u síta. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ya àwòrán ẹrẹ̀ tó ta sára ògiri lọ́tọ̀, mo fi í wọ ògiri láti ẹ̀gbẹ́, mo wá ní kí ó kàn yá ìpọ́n lọ́wọ́ ilẹ̀ kí pupa méjèèjì lè bá ara wọn mu. Ilẹ̀ ní àwọ̀, ògiri ní ìrísí.

Ìmọ́lẹ̀ náà ń fẹ́ tirẹ̀. Ibi tí ara nǹkan kọjú sí ni kọ̀ǹpútà ń lò láti mọ bí oòrùn yóò ṣe bà á. Ilẹ̀ kọjú sókè, ara àpáta kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́; bí ẹ tilẹ̀ pa àwọ̀ wọn pọ̀, oòrùn á tún yà wọ́n. Lára àpáta, a máa ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé ìdí àpáta náà kọjú sókè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́lẹ̀. Lára ògiri, ẹ má dán an wò. Ògiri tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á dà bí àbẹ́là tó ń yọ́.

Ohun tí mo sọ títí di ìsinsìnyí, ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè. Eruku ọyẹ́ ní tirẹ̀, òkè ló ti ń bọ̀. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ tó ti aṣálẹ̀ wá ń bu eruku lu gbogbo Bouaké, ibi tó bá sì kọjú sókè ló ń bà lé: orí páànù, ojú tábìlì, orí ìtì aṣọ tí wọn ò bò. Abẹ́ páànù kì í gbà á. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: a bi píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bóyá ó kọjú sókè. Bó bá kọjú sí òkè gan-an, eruku pọ̀ lára rẹ̀. Bó bá dagun, díẹ̀ ni. Bó bá kọjú sílẹ̀, kò sí rárá. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ará Yúróòpù ń gbà fi yìnyín sórí òrùlé. Fún tiwa, kí a kàn pààrọ̀ funfun sí pupa rẹ́súrẹ́sú.

Nígbà tí mo mọ gbogbo èyí tán, mo ṣàṣejù. Mo pa gbogbo nǹkan pọ̀ mọ́ ilẹ̀: òpó, tábìlì, agboòrùn, ọmọlanke, agbọ̀n àlùbọ́sà, gbogbo wọn ló ní ẹrẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 40. Mo tún pe Màmá. Wọ́n ní, "Agboòrùn wo ló ń hù láti inú ilẹ̀ yìí?"

Wọ́n jàre. Àárọ̀ ni agboòrùn ń dé, ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gé ilẹ̀ ṣákáṣáká. Ìlà tó mú bí abẹ yẹn, èyí tí mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni ẹ̀rí pé agboòrùn kì í sùn lọ́jà. Mo jókòó ti Màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń tọ́ka sí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ bó ṣe pẹ́ tó fún mi. Òpó yìí? Wọ́n bá a níbẹ̀ ni. Tábìlì? Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ikán ló jẹ ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́. Òkúta tí wọ́n fi há ẹsẹ̀ tábìlì? Òun ò kúrò níbẹ̀ rí. Mo fi iye kan sára ohun kọ̀ọ̀kan: 0 fún ohun tó dé láàárọ̀, 1 fún ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, ìyókù wà láàárín. Iye yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí ẹrẹ̀ yóò ṣe gòkè tó. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ báyìí sínú ìwé, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, òun ló yí ọjà náà padà jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdọ̀tí. Guerrilla, ilé iṣẹ́ kan ní Amsterdam, mú kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa gbin koríko àti igi sílẹ̀ bí ẹni tó ń ta géèmù ṣe ń rìn lọ nínú Horizon Zero Dawn ní 2017, ó ń tẹ̀ lé òfin nípa ibi tí igi lè hù. Ọjà náà lófin tirẹ̀. Èèpo àlùbọ́sà fúyẹ́. Kì í dúró láàárín ọ̀nà. Atẹ́gùn á gbá a títí yóò fi kan ìdí nǹkan, á wá jókòó síbẹ̀, pàápàá ní kọ̀rọ̀ tí ìgbálẹ̀ ò dé. Nítorí náà, bí mo ṣe ń sún mọ́ ìdí ìsọ̀ ni èèpo ń pọ̀ sí i, ojú ọ̀nà sì mọ́. Èèpo wọ̀nyẹn bo ìlà tó kù. Ewé ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún àpáta inú igbó. Ilẹ̀ pàápàá, mo fọwọ́ kan ni: mo gbẹ́ ihò ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, mo sì fi ọ̀nà tó tẹ́jú há àárín ìsọ̀ méjì-méjì.

Àwọn kan wà tí wàhálà yìí ò kàn. Aurion, géèmù tí Kiro'o Games ti Yaoundé gbé jáde ní 2016, yíyà ni wọ́n yà á, bí ìwé aláwòrán. Ọwọ́ tó ya ilẹ̀ ló ya igi, wọn ò ṣe àjèjì síra wọn rí. Mo máa ń jowú wọn.

Fóònù ló tún là mí lójú. Maliyo Games, tó ti ń ṣe géèmù ní Èkó láti 2012, fóònù ló ń ṣe tirẹ̀ fún, nítorí fóònù ló wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Gbé ọgbọ́n àwòrán láti òkè yẹn sórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, fóònù á gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ, bátìrì á sì kú. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tó rọrùn: kókó kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀n nǹkan lè gbé àwọ̀ kan lọ́wọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà kun àwọn kókó ìsàlẹ̀ ìsọ̀ ní pupa yangí, mo fi ti òkè sílẹ̀, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ pò ó pọ̀ láàárín. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná an ní nǹkan kan. Àlébù rẹ̀ ni pé bí mo bá gbé ìsọ̀ náà lọ sórí iyanrìn funfun, pupa á tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà ni gbogbo ọjà Bouaké, ìsọ̀ Màmá kò sì ní lọ síbìkan mọ́. Èmi ti padà sídìí èyí. Ẹni tó bá ń kọ́ òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ olóríṣiríṣi ilẹ̀ fún ẹ̀rọ ńlá, kí ó máa lo Runtime Virtual Texture. Ẹni tó bá ń kọ́ ọjà kan ṣoṣo fún fóònù, bó bá lò ó, owó ló ń fi ṣòfò.

Ìgbà kẹta tí mo fi han Màmá, wọn ò dárúkọ ìsọ̀ mọ́. Wọ́n ń bi mí pé ọ̀nà wo ni èèyàn máa gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta.

Mi ò lè dá wọn lóhùn, ìdí sì nìyí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ DICE ti Sweden ń ṣe Star Wars Battlefront tó jáde ní 2015, wọ́n lọ sí Iceland, wọ́n fi kámẹ́rà yí àpáta po, wọ́n sì kó ẹgbàágbèje fọ́tò rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kí ó fi tún un mọ. Àpáta wọn ṣì wà níbẹ̀. Ọjà tèmi ti jó. Fọ́tò mẹ́rin ni Màmá mú bọ̀ láti Bouaké, ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ ni méjì, méjì tó kù jẹ́ ti ọjà, ìbàdí ni ayàwòrán sì ti gé gbogbo wọn. Aṣọ hàn, gèlè hàn, ẹ̀rín hàn. Ilẹ̀ ò hàn nínú ọ̀kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ná ọjà Bouaké kó tó jó ní 1998, ẹ̀yin ará Èjìgbò pàápàá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí yín. Bí ẹ bá rí fọ́tò tí ẹsẹ̀ èèyàn àti ìdí ìsọ̀ hàn nínú rẹ̀, kódà kí ojú ẹni tí wọ́n yà má hàn dáadáa, ẹ má jù ú nù.